Òkú Tí Kò Ní Yétúndé

Bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Bí a bá ń ti ibi ìsìnkú bọ̀, ọ̀rọ̀ yìí la fi ń pàrọwà fún ara wa. Òkú tí mo ń dárò rẹ̀ lónìí, ọ̀rọ̀ náà kò bá a mu. Kò fi eérú sílẹ̀, kò fi ọmọ sílẹ̀. Alángbá ni, abo ni, Gump sì ni orúkọ tí àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ sọ ọ́. Ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2014, wọ́n bá òkú rẹ̀ nínú àkámọ́ tí wọ́n ti ń bọ́ ọ ní Erékùṣù Kérésìmesì, láàárín Òkun Íńdíà.

Ẹnì kan á ní, "Ṣé torí alángbá ni àgbàlagbà ṣe ń sunkún?" Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó lọ lọ́jọ́ náà ju alángbá kan lọ. Ìran kan ló parẹ́. Nígbà tí ẹ̀mí bọ́ lára Gump, kò ku akọ, kò ku abo, kò ku ẹyin kan ṣoṣo lábẹ́ ewé gbígbẹ níbikíbi lórí ilẹ̀ ayé. Yorùbá ní orúkọ fún irú ikú bẹ́ẹ̀, orúkọ tí ẹnu wa kì í fẹ́ pè: àkúrun. Àdúrà tí à ń gbà fún ilé ọ̀tá pàápàá kì í le tó bẹ́ẹ̀.

Ikú tiwa ní ọ̀nà àbọ̀. Baba àgbà lọ, wọ́n bí ọmọkùnrin, a sọ ọ́ ní Bàbátúndé. Ìyá àgbà sùn, ọmọbìnrin dé, a pè é ní Yétúndé, à ń wo iwájú orí rẹ̀, à ń wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, à ń ní, "Òun náà ló dé yìí." Ìgbàgbọ́ yìí ni kì í jẹ́ kí ikú rí wa gbé ṣe. Gump lọ, ilẹ̀kùn tì mọ́ ọn lẹ́yìn. Kò sí ilé tí yóò yà sí bí ó bá ń bọ̀, kò sí inú tí yóò gbé e wá. Òkú tí kò ní Yétúndé ni. Ìdí tí mo fi ń ké nìyí.

Arò tí kò bá ní oríkì nínú kò tíì di arò. Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó lọ fún yín.

Erékùṣù Kérésìmesì kò tóbi. Gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 135 kìlómítà onígun mẹ́rin. Ìsàlẹ̀ Java ní gúúsù ló wà, Ọsirélíà ló sì ń ṣàkóso rẹ̀ lónìí. Ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1643 ni ọ̀gákọ̀ William Mynors ń kọjá lẹ́bàá rẹ̀ tó fi sọ ọ́ ní orúkọ yẹn. Kò sí ènìyàn tó tẹ ibẹ̀ dó nígbà náà. Igbó ló wà níbẹ̀, àti ẹyẹ òkun, àti akàn pupa. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún, ogunlọ́gọ̀ akàn wọ̀nyí á gbéra láti inú igbó, wọ́n á bo ilẹ̀ bí aṣọ àlàárì títí dé etí òkun, láti lọ da ẹyin wọn sómi. Láàárín wọn ni alángbá àti ọmọńlé márùn-ún tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀ gan-an ń gbé, mẹ́rin nínú wọn kò sì sí níbòmíràn láyé.

Àkọ́kọ́ ni ìran Gump, alángbá inú igbó. Àwọ̀ rẹ̀ bí obì gbígbẹ, ara rẹ̀ ń dán bí ẹni pé wọ́n fi òrí pa á. Orí ilẹ̀ ló ń gbé, láàárín ewé tó rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ alángbá kì í gbóná fúnra rẹ̀, oòrùn ló ń wá kiri. Igbó ibẹ̀ sì ṣókùnkùn. Nítorí náà, ibi tí igi ńlá bá wó sí, tí ojú ọ̀run là, ibẹ̀ ni wọ́n ń pàdé bí ará ìlú ṣe ń pàdé lọ́jà. Wọ́n á na ara sórí igi tó wó náà, wọ́n á yá oòrùn, wọ́n á máa ṣọ́ kòkòrò tó ń kọjá. Níbi tí igi ti kú ni wọ́n ti ń rí ìyè.

Èkejì ni alángbá onírù aró. Kékeré ni, ara rẹ̀ ṣú, ilà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ fà dé ẹ̀yìn rẹ̀, ìrù rẹ̀ sì ń tàn bí adìrẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú aró. Ọgbọ́n wà nínú ẹwà náà. Ẹyẹ tó bá fẹ́ gbé e, ìrù yẹn lojú rẹ̀ á kọ́kọ́ bá, ìrù yẹn náà ló máa gbá mú. Ìrù á já, á máa ta pọ́únpọ́ún nílẹ̀, ọ̀tá á dojú kọ ọ́, ẹni tó ni ín á ti sá lọ. Bó bá pẹ́ díẹ̀, òmíràn á hù. Ìrù ló fi ń ra orí.

Ẹ̀kẹta ni ọmọńlé Lister, tí wọ́n fi orúkọ Joseph Jackson Lister pè, ẹni tó bá ọkọ̀ ojú omi Egeria dé ibẹ̀ lọ́dún 1887. Òru ni ọmọńlé yìí ń jáde. Bí ilẹ̀ bá mọ́, abẹ́ èèpo igi ló ń sùn. Ojú rẹ̀ kò ní ìpéǹpéjú tó lè pa dé, ahọ́n ló fi ń nù ún mọ́. Abẹ́ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ní irun tó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i, òun ló sì fi ń rìn lára ohun tó jọ̀lọ̀ láìlo oje, láìlo èékánná. Ìkẹrin ni ọmọńlé ńlá. Ìkarùn-ún ni alángbá etí òkun, tí irú rẹ̀ ṣì wà ní èbúté àwọn ilẹ̀ mìíràn.

Ẹ má bi mí pé kí ni ìwúlò wọn. Àwọn ni kò jẹ́ kí kòkòrò gba igbó, àwọn náà ni oúnjẹ ẹyẹ aṣọdẹ. Àárín okùn ni wọ́n wà, èyí tó so ẹ̀dá kékeré mọ́ ẹ̀dá ńlá. Níbòmíràn, iṣẹ́ wọn tún ju èyí lọ. Ní erékùṣù Mauritius, igi kékeré kan wà tó máa ń gun ara igi mìíràn, Roussea simplex ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ọmọńlé kan ló ń lá oyin òdòdó rẹ̀, tó sì ń gbé àtíkè òdòdó náà láti ìdí igi kan dé ìdí èkejì. Ọmọńlé kan náà ló ń jẹ èso rẹ̀ tó ń pín kóró rẹ̀ kiri. Òun ni alárinà, òun náà ni agbẹ̀bí. Bó bá lọ, ta ni yóò gbé ìyàwó fún igi náà?

Ní ti Erékùṣù Kérésìmesì, a mọ bí ikú ṣe wọlé. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Níbẹ̀, òkun ni ògiri. Ó ṣọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún láìfojú ba oorun. Lọ́dún 1888, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ibẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í wa fọ́sífétì, èyí tí wọ́n ń fi ṣe ajílẹ̀ fún oko àwọn ẹlòmíràn. Ògiri lanu. Ọkọ̀ tó ń kó ẹrù lọ ń kó àlejò bọ̀.

Eku inú ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó gbé àrùn dání. Eku onílé tí wọ́n ń pè ní eku Maclear, ọdún 1903 ni wọ́n rí i kẹ́yìn. Ológbò sọ̀ kalẹ̀. Èèrà kan tí àwọ̀ rẹ̀ bí ìyeyè sọ̀ kalẹ̀ láàárín ọdún 1915 sí 1934, ó fara pamọ́ títí, àfi ìgbà tó di ìparí àwọn ọdún 1980 tí ilé èèrà so mọ́ ilé èèrà nínú igbó, tí wọ́n ń tú oró sójú akàn pupa, tí wọ́n pa á ní mílíọ̀nù-mílíọ̀nù. Láàárín àwọn ọdún 1980 náà ni ejò kan dé, tí wọ́n ń pè ní ejò ìkookò, ọdún 1987 ni wọ́n sì kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀. Inú ẹrù ló jọ pé ó sá pamọ́ sí láti ilẹ̀ Éṣíà.

Ejò yìí kò gùn, kò sanra, kò lóró tó lè pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n alángbá ni ààyò oúnjẹ rẹ̀. Òru ló ń ṣọdẹ, ó mọ igi í gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ tó láti wọ abẹ́ èèpo igi. Àwọn alángbá ibẹ̀ kò rí irú rẹ̀ rí. Ejò kan ṣoṣo tó jẹ́ ti ilẹ̀ wọn, afọ́jú ni, inú ilẹ̀ ló ń gbé. Ìrù aró tó ń tan ẹyẹ jẹ lójú ọ̀sán, kí ló lè ṣe lóru, nígbà tí ọ̀tá bá wá bá ọ lórí ibùsùn? Ohun ìjà tí baba wọn fi sílẹ̀ kò mọ ogun tuntun yìí.

Ẹ̀bá ìlú àti èbúté, ní àríwá ìlà-oòrùn, ni wọ́n ti kọ́kọ́ pòórá. Lẹ́yìn náà ni ìdákẹ́rọ́rọ́ ń rìn wọ inú igbó lọ, lọ́dọọdún, bí ìgbà tí omi ń fà sínú iyanrìn. Ejò náà ni àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ na ìka sí. Èèrà àti àwọn àlejò yòókù kò sì bọ́ nínú ẹ̀sùn náà.

Ohun tó dùn mí jù lọ ni mo fẹ́ sọ yìí. Lọ́dún 1979, tí àwọn onímọ̀ yẹ erékùṣù náà wò, alángbá inú igbó kò ṣọ̀wọ́n rárá, ó pọ̀ jaburata. Ta ló ń ka ohun tó pọ̀? Ta ló ń sùn ti ohun tó ń bá pàdé lójú ọ̀nà lójoojúmọ́? Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Inú ń run ìran kan odindi, kò sí ẹni tó gbọ́ ìkérora. Láti ọdún 1979 sí ikú Gump, ọdún márùndínlógójì péré ni. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n pọ̀ náà, kò tíì hu ewú tí wọ́n fi tán.

Ìkìlọ̀ ti wá ṣáájú. Àdán kékeré kan wà ní erékùṣù kan náà, tí kò sí níbòmíràn. Ọjọ́ ti lọ kí wọ́n tó gbà pé kí wọ́n mú un sí ìtọ́jú. Nígbà tí wọ́n débẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2009, ẹyọ kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ wọn gbọ́ ohùn rẹ̀ lóru. Lẹ́yìn òpin oṣù náà, wọn kò gbọ́ ọ mọ́.

Láti ọdún 2009 sí 2010 ni wọ́n ń sáré kó àwọn alángbá tó kù sí àkámọ́. Nínú ìran Gump, mẹ́ta péré ni wọ́n rí mú, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jẹ́ abo. Wọ́n wá akọ. Wọ́n wá a níbi tí igi wó sí, wọ́n wá a lábẹ́ ewé, wọ́n wá a títí ọwọ́ fi rọ. Oṣù Kẹjọ ọdún 2010 ni wọ́n fojú kan irú rẹ̀ kẹ́yìn nínú igbó. Àwọn méjì kú, ó ku Gump. Ó ń jẹun, ó ń yá oòrùn, ilẹ̀ ń ṣú, ilẹ̀ ń mọ́, kò sì sí ẹlòmíràn láyé tó jọ ọ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 2014 ni ìjọba Ọsirélíà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi orúkọ ìran rẹ̀ sínú ìwé òfin tó ń dáàbò bo àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu. Kò pé oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà tó kú. Agbòjò dé, òjò ti dá, ẹni tí òjò pa ti kú. Lọ́dún 2017, àjọ IUCN tó ń kọ àkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀dá ayé kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti parun.

Ẹ jẹ́ ká ka àwọn ará ilé yòókù. Alángbá etí òkun kò sí ní erékùṣù náà mọ́. Alángbá onírù aró ti tán nínú igbó láti ọdún 2010, ọmọńlé Lister láti 2012. Ohun tó gba ìran àwọn méjèèjì yìí là ni pé wọ́n rí 66 mú nínú ti àkọ́kọ́, 43 nínú ti èkejì, wọ́n sì ń bí nínú àkámọ́ níbẹ̀ àti ní ọgbà ẹranko Taronga ní Sydney. Wọ́n ti lé ní ẹgbẹ̀rún. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà, nítorí wọ́n mú ọwọ́ ẹni tó ti ń jìn sí kòtò. Lọ́dún 2019, wọ́n kó 150 alángbá onírù aró lọ sí erékùṣù Pulu Blan ní Cocos, tó jìnnà tó nǹkan bí 1,000 kìlómítà, kí wọ́n lè tún tẹ ilẹ̀ gidi. Ṣùgbọ́n wọn kò lè padà sílé. Ejò ṣì wà nílé. Nínú márùn-ún tó ni ilẹ̀ náà, ọmọńlé ńlá nìkan ló ṣẹ́ kù tó ń rìn fàlàlà nínú igbó baba rẹ̀.

Bí ó bá ṣe ọ́ bí ẹni pé ọ̀nà jìn, wo etí òkun tiwa ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ní Cape Verde, ní erékùṣù kéékèèké méjì tó ń jẹ́ Branco àti Raso, alángbá ràbàtà kan wà rí tó ń jẹ ewé àti kóró. Ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́ gaara bíi dígí, ìmọ́lẹ̀ ń gbà á kọjá bó tilẹ̀ di ojú. Lọ́dún 1833, wọ́n kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n sí Branco, alángbá náà sì di oúnjẹ wọn. Àwọn apẹja ń pa á torí ọ̀rá àti awọ rẹ̀. Ó ti parun báyìí, òun náà kò ní Bàbátúndé.

Mo ní ẹ̀bi tèmi láti jẹ́wọ́. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, a máa ń fi rọ́bà ta alángbá lórí ògiri, a ó sì máa ka èyí tí olúkúlùkù pa. Kò sí àgbà tó bá wa wí, nítorí wọ́n pọ̀. Títí di òní, à ń fi sálúbàtà lépa ọmọńlé yípo pálọ̀, a ní itọ́ rẹ̀ májèlé ni. Ọmọńlé ilé wa kò lóró. Ẹ̀fọn àti àwọn kòkòrò tó ń rọ́ wá sídìí iná ni oúnjẹ rẹ̀. A rí agẹmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, a sọ òkò lù ú, bẹ́ẹ̀ ìtàn àwọn baba wa ló sọ pé agẹmọ ni Olódùmarè rán wá yẹ ilẹ̀ wò ní ìbẹ̀rẹ̀ ayé, bóyá ó ti le tó fún ẹ̀dá láti tẹ̀. Ẹni tó jẹ́rìí sí ilẹ̀ tí a tẹ̀ lé lórí, òun la ń lé kúrò lórí rẹ̀.

Mi ò sọ pé alángbá wa ti ń tán. Ohun tí mò ń sọ ni pé pípọ̀ kì í ṣe ààbò. Ní ọdún 2022, àwọn onímọ̀ gbé àbájáde iṣẹ́ ńlá kan jáde: nínú 10,196 irú ẹranko afàyàfà tí wọ́n yẹ̀ wò káàkiri ayé, 1,829 ló wà nínú ewu pé wọ́n lè parun. Ó sún mọ́ ìdá kan nínú márùn-ún. Inú ń run wọn, wọ́n sì danú délẹ̀ bíi ti àwọn yòókù.

Gump, alángbá inú igbó, ọmọ ibi tí igi wó tí oòrùn wọlé, àwọ̀ obì gbígbẹ, ó dìgbà. Bí òkú tiwa bá ń lọ, a máa ń kìlọ̀ fún un pé kó má jọ̀kùn, kó má jẹ ekòló lọ́hùn-ún. Kí ni a ó wí fún ìwọ, tó jẹ́ pé kòkòrò ilẹ̀ ni oúnjẹ rẹ láti ìbẹ̀rẹ̀? Ohun tí o bá rí, jẹ ẹ́. Bí o bá dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá rẹ, wọn á bi ọ́ pé ta lo fi sílé. Sọ fún wọn pé ilé ti di ahoro, kì í sì í ṣe ẹjọ́ tìrẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ohun tí mo bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Lálẹ́ òní, bí ọmọńlé bá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gílóòbù, ẹ fi sálúbàtà sílẹ̀. Ẹ pe ọmọ yín, ẹ fi hàn án, ẹ sọ orúkọ rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀ fún un. Ẹ sọ ti Gump fún un pẹ̀lú. Wọ́n pọ̀ lọ́dún 1979. Lọ́dún 2014, ó ku ẹyọ kan. Lónìí, kò sí.